Ìlà Àwọ̀ Ara Ìgò Oògùn Oko: Ohun Tó Ń Sọ àti Ohun Tí Kò Sọ

Kí á tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, ẹ dìde, ẹ lọ síbi tí ẹ ń tọ́jú oògùn oko yín sí, kí ẹ mú ìgò kan tàbí ike kan wá. Ẹ má ṣí i. Ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ tó jókòó ka ìwé. Bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ rí i pé ìgò sódábì ni wọ́n da oògùn náà sí, tí kò sí ìwé kankan lára rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí ìwé bá wà lára ìgò yín, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé náà. Ẹ lè rí ìlà fífẹ̀ kan tó ní àwọ̀. Ó lè pupa. Ó lè dà bí èso ìyeyè tó pọ́n. Ó lè jẹ́ búlúù, bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè jẹ́ àwọ̀ ewé. Ọ̀pọ̀ wa mọ ìlà yìí bí ẹni mọ owó. Ẹni tí kò tíì kọ́ ìwé pàápàá mọ̀ pé pupa burú, àti pé àwọ̀ ewé kò burú. Bí ẹ bá dé ọjà, ẹni tó ń ta oògùn á sọ fún yín pé: "Ẹ mú u, ẹ má bẹ̀rù. Eléyìí kò le, ìlà rẹ̀ kì í ṣe pupa."

Orí ọ̀rọ̀ ọlọ́jà yìí ni ẹ̀kọ́ wa dá lé. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ díẹ̀ yẹn ti pa ènìyàn ní ilẹ̀ wa.

Ta ló pín oògùn sí ìpele?

Àjọ tó ń rí sí ìlera ní gbogbo ayé, èyí tí à ń pè ní OMS ní èdè Faransé, ló gbé ìpín yìí kalẹ̀ ní 1975. Oògùn tó ń pa kòkòrò àti koríko ti pọ̀ jọjọ nígbà náà, kò sì sí bí àgbẹ̀ ṣe lè mọ èyí tó le jù. Wọ́n wá ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n lè fi wọn gbogbo rẹ̀. Wọ́n mú eku, wọ́n fún wọn ní oògùn jẹ, wọ́n sì wo ìwọ̀n tó pa ìdajì wọn. Bí eku bá jẹ́ 100, ìwọ̀n tó pa 50 nínú wọn ni wọ́n ń wá. Wọ́n tún wo èyí tí a fi kan awọ ara eku. Oògùn tí ìwọ̀n kékeré rẹ̀ ń pani ni wọ́n kà sí èyí tó le.

Mílígíráàmù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá bu iyọ̀ kún ṣíbí kékeré tí a fi ń ro tíì, ó tó nǹkan bíi gíráàmù 6. Ẹ pín gíráàmù kan ṣoṣo sí ọ̀nà 1000, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni mílígíráàmù kan. Ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí i.

Oògùn tí mílígíráàmù tí kò tó 5 lè pa eku fún kílò kan ara rẹ̀ wà ní ìpele Ia. Èyí tó gba 5 sí 50 wà ní ìpele Ib. Àwọn méjèèjì yìí ló ń gba ìlà pupa, pẹ̀lú àwòrán orí òkú àti egungun méjì. Láti 50 sí 2000 ni ìpele II, òun ló ni ìlà ìyeyè. Ohun tó bá ju 2000 lọ wà ní ìpele III, ó ń gba ìlà búlúù. Àwọn tó gba 5000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń gba ìlà àwọ̀ ewé.

Ẹ tún ìpele II kà. Láti 50 sí 2000! Ìlọ́po ogójì nìyẹn. Ó dà bí ìgbà tí a bá kó ọmọ ọdún méjì àti bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún sójú kan, tí a ní ẹgbẹ́ ni wọ́n. Oògùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ìlà pupa àti oògùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ìlà búlúù, ìlà ìyeyè kan náà ni wọ́n jọ ń gbà. Orúkọ tí OMS fún ìpele yìí ni pé ewu rẹ̀ mọ níwọ̀n. Lójú tèmi, orúkọ náà kò dára. Ẹni tó bá gbọ́ "níwọ̀n" yóò fọkàn balẹ̀.

Ìlà ìyeyè ní ilẹ̀ Ìbàrìbá

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa níbí, ní Bẹ̀nẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1999, oògùn tí àwọn ọlọ́wùú ń lò tẹ́lẹ̀ kò ran kòkòrò tó ń gbẹ́ inú èso òwú mọ́. Kòkòrò náà ti mọ́ra pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n wá gbé oògùn mìíràn dé, endosulfan lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ fi fọ́n òwú nígbà àkọ́kọ́ àti nígbà kejì. Iye tí OMS kọ sílẹ̀ fún endosulfan ni mílígíráàmù 80. Ìpele II ni. Ìlà ìyeyè ni.

Ní àkókò òwú 1999 sí 2000, ní agbègbè Borgou, àwọn aláṣẹ ka òkú ènìyàn 37 ó kéré tán tí oògùn yìí pa. Àwọn mìíràn ṣàìsàn gidigidi, wọn kò kú.

Báwo ló ṣe pa wọ́n? Ẹ má rò pé ńṣe ni gbogbo wọn gbé ìgò sẹ́nu. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1999, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan, ọmọ ọdún 12 sí 14, ń ro oko òwú bàbá wọn. Àná ọjọ́ yẹn ni wọ́n fọ́n endosulfan sí oko náà. Wọ́n gbin àgbàdo mọ́ òwú, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe. Ebi pa àwọn ọmọ, wọ́n ya àgbàdo díẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́. Kò pẹ́ tí èébì fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀kan nínú wọn kú.

Ibòmíràn, wọ́n lo ike oògùn tó ti tán láti fi gbé omi àti oúnjẹ. Ibòmíràn sì rèé, oògùn òwú ni wọ́n dà sára ẹ̀wà àti àgbàdo tó wà nínú àká, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Oògùn òwú náà kò sì mọ̀ pé ènìyàn ló máa jẹ ẹ̀wà náà.

Ẹ bá wa ṣe ìṣirò kan. Bí ọmọ kan bá wọ̀n ní kílò 30, ẹ fi 80 lọ́nà 30. Ó jẹ́ mílígíráàmù 2400, ìyẹn gíráàmù 2 àti díẹ̀ sí i. Kò tó ìdajì ṣíbí tíì kan iyọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n tó ń pa ìdajì eku nìyẹn. Àwọn eku kan ti kú kí ó tó dé ibẹ̀: àwọn tó rù, àwọn tí ebi ń pa, àwọn tí kò lágbára. Nínú ilé tiwa, ta ni ó rí bẹ́ẹ̀?

Ní 2009, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fi òfin de endosulfan. Ní oṣù kẹrin 2011, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Stockholm fi orúkọ rẹ̀ kún àwọn kẹ́míkà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ mú kúrò nílẹ̀. Àwọ̀ ìlà rẹ̀ kò yí padà títí tí wọ́n fi dá a dúró. Bí ẹ bá rí ìgò rẹ̀ tó kù sí kọ̀rọ̀ kan, ẹ má dà á sínú kòtò tàbí odò, ẹja yóò kú. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oko ní ìlú yín pé kí ó wá gbà á.

Ohun tí eku kò lè sọ fún wa

Oògùn kejì tó gba ìlà ìyeyè, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tún burú jù, ni paraquat. Koríko ni wọ́n fi ń pa. Ó yára, ó rọrùn láti lò, ó sì ń dín iṣẹ́ ọkọ́ kù. A kò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó fẹ́ràn ohun tó ń dín iṣẹ́ ọkọ́ kù.

Iye tí eku fún paraquat ni 150. Ẹ fi ìyẹn ṣe ìṣirò fún àgbàlagbà tó wọ̀n ní kílò 60. Yóò jẹ́ gíráàmù 9. Nínú lítà kan oògùn náà bí wọ́n ṣe sábà ń tà á, gíráàmù 200 paraquat ló wà níbẹ̀. Nítorí náà gíráàmù 9 yóò wà nínú mílílítà 45, ìyẹn ṣíbí ìjẹun mẹ́ta. Bí eku ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà tó ti tọ́jú àwọn tó gbé e mì rí i pé mílílítà 10 sí 15, tí kò ju ṣíbí ìjẹun kan lọ, lè pa àgbàlagbà. Ara eku yàtọ̀, ara ènìyàn yàtọ̀.

Ikú rẹ̀ kì í sì í yá. Ẹni náà lè bì, kí ó sinmi, kí ó ní ara òun ti ń yá. Ẹnu àti ọ̀fun rẹ̀ á bó. Kíndìnrín rẹ̀ á dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á máa gan díẹ̀díẹ̀, kò ní lè mí mọ́, yóò sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta. Kò sí ẹ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni tíì rí fún un. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe é fi ń pò ó mọ́ oògùn tó ń mú ni bì, tí wọ́n ń fi òórùn burúkú àti aró sí i, kí ènìyàn má baà ṣì í mu. Nínú ìwé OMS fúnra rẹ̀, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ paraquat pé ó lè pani bí ènìyàn bá gbé ojúlówó rẹ̀ mì tàbí tó bá dà sí awọ ara. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni ọ̀rọ̀ yẹn wà. Ìlà ìyeyè ló wà lára ìgò.

Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà ní ìṣọ̀kan ti dá a dúró láti 2007. Ní Nàìjíríà, àjọ NAFDAC fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024. Ẹ̀yin ará Kétu àti Pọ̀bẹ́ mọ̀ pé ẹnu ibodè ni òfin máa ń dúró sí, ìgò a máa gba ọ̀nà igbó kọjá. Ẹ ka orúkọ tó wà lára ohun tí ẹ ń rà. Orúkọ tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ máa ń pọ̀, ó sì ń yí padà. Orúkọ oògùn tó wà nínú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń kọ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú iye gíráàmù tó wà nínú lítà kan. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ yẹn ni kí ẹ wá.

Ìlà àwọ̀ ewé ńkọ́?

Àwọn tó ń gbin tòmátì mọ oògùn kan tó rí bí ìyẹ̀fun, mancozeb, tí a ń fọ́n nítorí ewé tó ń jóná. Eku jẹ ẹ́ ju mílígíráàmù 5000 lọ kí ó tó pa á. Nítorí náà ìpele tó kẹ́yìn ló wà, ìlà àwọ̀ ewé ló yẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń fi ọwọ́ lásán pò ó nínú korobá, àwọn mìíràn sì lóyún.

Ní oṣù kejìlá 2020, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kọ̀ láti sọ àṣẹ mancozeb dọ̀tun. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n kà á sí ohun tó lè ba ọmọ jẹ́ nínú oyún. Ṣé eku parọ́? Rárá. Ìbéèrè tí wọ́n bi eku ni pé, "Ìwọ̀n wo ló máa pa ọ́ kíákíá?" Eku dáhùn èyí tí wọ́n bi í. Wọn kò bi í nípa ọmọ inú rẹ̀, wọn kò sì bi í nípa àìsàn tó máa yọjú lẹ́yìn ọdún 20.

Ìkẹta kò ní ìpele rárá. Àwọn wóró oògùn kan wà tí à ń jù sínú àgbàdo tàbí ẹ̀wà, tí orúkọ kẹ́míkà inú wọn ń jẹ́ aluminium phosphide. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá kàn án, ó ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde. Ẹni tó bá sùn sínú yàrá tí àpò náà wà lè má jí. Ó lè rùn bí áyù tàbí ẹja tó ti bàjẹ́, ó sì lè má rùn. OMS kò fi irú afẹ́fẹ́ olóró bẹ́ẹ̀ sí ìpele kankan nínú ìpín yìí, nítorí pé ohun jíjẹ àti ohun tó kan awọ ara ni ìpín náà ń wọ̀n. Nítorí náà, bí ẹ kò bá rí ìlà kankan, ẹ má sọ pé kò léwu. Àká tó jìnnà sí ibi tí ènìyàn ń sùn ni ibi rẹ̀, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó sì fọwọ́ kàn án.

Ẹ wo àwòrán, kí ẹ sì ka ọ̀rọ̀

Nítorí irú nǹkan wọ̀nyí, Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè, tí à ń pè ní ONU, gbé ètò mìíràn jáde ní 2003. Kì í ṣe oògùn oko nìkan ló wà fún. Ó wà fún gbogbo kẹ́míkà: ti ilé iṣẹ́, ásíìdì inú bátìrì, epo bẹntiróòlù, ohun tí a fi ń kun ilé. Nínú ètò yìí, wọn kì í bi kẹ́míkà ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Wọ́n ń bi í léèrè pé: ṣé o ń jóná? Ṣé o ń jẹ awọ ara? Bí wọ́n bá gbé ọ mì ńkọ́? Bí wọ́n bá mí ọ sínú ńkọ́? Kí lo máa ṣe fún ọmọ inú oyún? Fún ẹja ńkọ́? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní àwòrán tirẹ̀, nínú igun mẹ́rin funfun tó dúró lórí igun kan, tí etí rẹ̀ pupa. Àwòrán mẹ́sàn-án ni gbogbo wọn. Ìgò kan lè ní méjì, mẹ́ta, tàbí mẹ́rin.

Orí òkú àti egungun ń sọ pé ó lè pani kíákíá. Ọwọ́ tí nǹkan ń kán sí tó sì ń jẹ ẹ́ ń sọ pé yóò bó ènìyàn lára, yóò sì fọ́ ojú. Iná, gbogbo wa mọ ìyẹn. Igi gbígbẹ àti ẹja tó kú, odò ni wọ́n ń sọ. Àmì ìyanu, ọ̀pá tó ní kókó lábẹ́, ń sọ pé ó ń ṣe ìpalára, ṣùgbọ́n kò tó ti orí òkú. Ẹ dúró díẹ̀ sórí àwòrán kan: orí àti àyà ènìyàn, tí ohun kan bí ìràwọ̀ là sí i láyà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé oògùn àyà ni. Rárá o. Òun ni àmì ìpalára tó ń pẹ́ kó tó yọ: jẹjẹrẹ, ọmọ inú oyún, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀. Ìgò tó ní ìlà àwọ̀ ewé lè ní àmì yìí.

Lẹ́yìn àwòrán, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n kọ gàdàgbà. Ní èdè Faransé, yóò jẹ́ DANGER tàbí ATTENTION. DANGER ló le jù. Bí ìgò bá ti Nàìjíríà wá, DANGER kan náà lẹ óò rí, tàbí WARNING, tó dọ́gba pẹ̀lú ATTENTION.

Lẹ́yìn èyí ni gbólóhùn kúkúrú. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà yóò lè kà wọ́n. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ bí ó ti le tó. MORTEL ni pé ó ń pani. TOXIQUE ni pé májèlé ni, òun ló tẹ̀ lé e. NOCIF ni pé ó ń ṣe ìpalára. Mẹ́ta ìyókù ń sọ ọ̀nà tó gbà wọlé. INGESTION ni gbígbé mì. CONTACT CUTANÉ ni kíkan awọ ara. INHALATION ni mímí sínú. Wàyí o, ẹ fi wọ́n pọ̀. "Mortel par inhalation": ó ń pani bí a bá mí in sínú. "Toxique par contact cutané": májèlé ni bó bá kan awọ ara. Àwọn gbólóhùn méjì yìí wà lára ohun tí ètò tuntun yìí sọ nípa paraquat, ó sì fún un ní orí òkú àti ìràwọ̀ àyà pọ̀. Ẹ fi wé ìlà ìyeyè.

Bí ẹ bá rí àwòrán dúdú nínú igun mẹ́rin aláwọ̀ ọsàn tó jókòó pẹrẹsẹ, ètò àtijọ́ nìyẹn. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe oògùn náà, ó lè ti pẹ́ jù.

Ìgbà wo ni ewu náà ń bá wa?

Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, ohun tó wà nínú ìgò ló ń sọ. Nítorí náà, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ń fọ́n oògùn lóko ni ewu pọ̀ jù. Àárọ̀ ni, nígbà tí ẹ bá ń ṣí ìdérí, tí ẹ ń wọ̀n ọ́n, tí ẹ ń dà á sínú omi. Ojúlówó rẹ̀ ni ọwọ́ yín ń kàn nígbà náà. Ìbọ̀wọ́ ike tí owó yín ká, àkókò yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Igi ni kí ẹ fi rò ó, ẹ má fi ọwọ́ rò ó. Bí ihò ẹnu ẹ̀rọ ìfọ́noògùn bá dí, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Mo ti rí i tí àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ ń ṣe é.

Aṣọ tí ẹ fi fọ́n oògùn, kí ìyàwó tàbí ọmọ má fọ̀ ọ́ mọ́ ti ilé. Ike tó bá tán, ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ da omi náà sínú ẹ̀rọ ìfọ́noògùn, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ lu ike náà. Bí ẹ kò bá lù ú, ẹnìkan yóò fi pọn omi.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Bí oògùn bá dà sára ènìyàn, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má wojú ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ máa da omi mímọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gbé e lọ.

Bí ó bá gbé e mì, ẹ̀yin ìyá wa, a mọ̀ pé epo pupa lọwọ́ yín máa kọ́kọ́ nà sí. Ìfẹ́ ló ń mú yín ṣe é. Ṣùgbọ́n endosulfan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń yọ́ sínú epo àti wàrà, èyí á sì mú kí ara tètè fà wọ́n. Bí ẹ bá sì fipá mú un bì, èébì olóró náà lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fún un ní epo, ẹ má fún un ní wàrà, ẹ má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì gbé ìgò dání. Bí ìgò bá ti fọ́, ẹ ya ìwé ara rẹ̀ dání.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ìgò rèé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì yóò bi yín ni pé: "Kí ló mu?" Bí ó bá jẹ́ dichlorvos, tí ìlà rẹ̀ pupa, itọ́ àti òógùn yóò máa dà lára ẹni náà, ẹyinjú rẹ̀ á súnkì. Abẹ́rẹ́ kan wà fún irú rẹ̀, atropine, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Bí ó bá jẹ́ endosulfan, gìrì ni yóò máa gbé e, atropine kì í ṣe ẹ̀rọ̀ fún un, gìrì náà ni wọn yóò kọ́kọ́ wá bí yóò ṣe rọlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ paraquat, atẹ́gùn tí wọ́n ń fún gbogbo aláìsàn lè túbọ̀ ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, nítorí náà dókítà ní láti mọ̀. Oògùn mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì kò lè fi òórùn ẹnu mọ èyí tí ó jẹ́ lóru, lábẹ́ iná fìtílà.

Ó kan ìgò sódábì tí ẹ gbé sókè yẹn báyìí. Kò ní ìlà, kò ní àwòrán, kò ní orúkọ. Ìpele kankan kò sí fún un mọ́, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó jẹ́. Ẹ má gbóòórùn rẹ̀ láti mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi fọ́n oko. Bí ẹni tó dà á síbẹ̀ bá wà láàyè, ẹ pè é, kí ó sọ orúkọ oògùn náà, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pẹ̀lú orí òkú gàdàgbà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò náà lónìí, títí òṣìṣẹ́ oko yóò fi wá gbà á. Ìgò náà kò gbọdọ̀ padà sí abẹ́ ibùsùn tàbí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi. Inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kí ó wà.

Ìbéèrè

1. Kí ni wọ́n ń wọ̀n lára eku kí wọ́n tó fún oògùn ní ìlà àwọ̀?

2. Oògùn méjì wo nínú ẹ̀kọ́ yìí ló ní ìlà ìyeyè tó sì ń pani? Ọ̀nà wo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà pani?

3. Ẹ ka gbólóhùn yìí, kí ẹ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá fún ẹni tó jókòó tì yín: DANGER. Mortel en cas d'ingestion. Nocif par contact cutané.

4. Ìgò tí ẹ gbé kalẹ̀ níwájú yín, àwòrán mélòó ló wà lára rẹ̀? Kí ni orúkọ oògùn tó wà nínú rẹ̀ gan-an?